Ehoro Tó Gbé Ìbọn

Láyé Terminator, bí wọ́n bá gbé tẹlifíṣàn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Owódé, ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n ní, "Ọ̀gá, àwòrán inú ẹ̀ ń ṣẹ́jú," ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé: ṣé géèmù lẹ̀ ń gbá lórí ẹ̀? Bó bá jẹ́ géèmù, mo ní kí wọ́n gbé e padà sílé. Tẹlifíṣàn ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀rọ géèmù ni Terminator, àdàkọ Famicom. Nintendo ló gbé Famicom jáde ní Jàpáánù ní 1983. Ègé àwòrán tó ń rìn, mẹ́jọ péré ló lè yà sórí ìlà kan lójú tẹlifíṣàn. Bí ọ̀tá àti ọta ìbọn bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa fi àwọn kan pamọ́, á sì máa yọ àwọn mìíràn síta. Òun ló ń ṣẹ́jú. Àyè tó fi ń rántí nǹkan ò ju kílóbáìtì 2 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún jù ú lọ. Àmì onígun mẹ́rin tíntìntín ni wọ́n to àwòrán rẹ̀ pọ̀, 256 ní ìbú, 240 ní òró, bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní LAUTECH ló fi Bucky O'Hare, géèmù Famicom kan, hàn mí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé-iṣẹ́ Konami ló ṣe é ní 1992. Lọ́dọ̀ tiwa, ehoro ni ọdẹ ń yìnbọn fún. Níbí, ehoro aláwọ̀ ewé ló gbé ìbọn, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló ń bá jà. Wọ́n ti jí ẹmẹ̀wà rẹ̀ mẹ́rin gbé, ó fẹ́ gbà wọ́n padà. Ọ̀kan nínú wọn, pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́wọ́ mẹ́rin, máa ń gun ògiri. Mo fẹ́ràn pẹ́pẹ́yẹ yẹn ju ehoro lọ.

Géèmù náà le! Ẹni tó bá tẹ HARD! síbi ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, ẹyọ ọta kan ti pa á. Ọmọ náà rò pé ìkà ló mú kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá o. Inú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó géèmù sí ò láyè, géèmù ò lè gùn; bó bá tún rọrùn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n rà á ni wọn yóò gbá a tán, olówó á sì máa ráhùn. Irú géèmù bẹ́ẹ̀ le fún àwọn tó ń ṣe é pàápàá. Kazuhisa Hashimoto, òṣìṣẹ́ Konami, ń tún géèmù Gradius ṣe fún Famicom ní 1986, kò lè gbá a dópin, ló bá fi ọgbọ́n kan pamọ́ sínú rẹ̀ fún ẹni tó bá tẹ: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Ọgbọ́n yìí kan náà ló ń sọ ẹ̀mí mẹ́ta di 30 nínú géèmù Contra.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tí kọ̀ǹpútà wọn lágbára ṣì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe géèmù alámì onígun mẹ́rin tó le bẹ́ẹ̀. Èyí tó le láìnídìí ò wù mí. Ti Bucky dáa: bẹ́ ẹ bá kú, ẹ ó mọ ohun tó pa yín.

Ẹni tó bá ṣì ní Terminator lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì. Itọ́ ló ń mú irin ẹsẹ̀ rẹ̀ dípẹtà. Ẹ fi òwú àti spirit nù ún, kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́.