Ẹ Má Ṣe Yọ Ọmọ Náà Kúrò Níléèwé

Ẹ̀yin òbí nínú Olúwa, lẹ́yìn ìsìn kan ní Dọ̀pẹ̀mú, ìyá kan wí fún mi pé: "Pásítọ̀, ojú ọmọ mi kò ríran dáadáa. Olódo ni wọ́n ń pè é ní girama. Ẹ jẹ́ kó kúkú lọ kọ́ṣẹ́."

Mo ní: "Arábìnrin, ṣé ẹ ti rí olùkọ́ rẹ̀?" Wọn kò tíì rí i. A jọ lọ. Wọ́n mú ọmọ náà wá sí ìjókòó iwájú, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì ń ka ọ̀rọ̀ ojú pátákó fún un.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2019 fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀. Láti Pacelli, iléèwé àwọn afọ́jú tó ti wà ní Sùúrùlérè láti 1962, ọ̀pọ̀ ọmọ ti bọ́ sí girama láàárín àwọn tó ríran. WAEC ní ìwé ìdánwò Braille. JAMB náà ní ètò ìdánwò fún àwọn afọ́jú láti 2017.

Nítorí náà, ẹ mú ọmọ lọ yẹ ojú àti etí wò. Ẹ bá ọ̀gá iléèwé sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe é nígbà ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò.

Ẹ rántí Mefiboṣeti. Dáfídì kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i ní Lo-debari. Ó mú un wá jókòó nídìí tábìlì pẹ̀lú àwọn ọmọ ọba.