Bí A Ṣe Ń Ta Ilé Ẹbí ní Àgbádárìgì: Ìlàlóye fún Olùtà àti Olùrà

Ẹni tí ó bá ti rìn gba àdúgbò wa kọjá yóò ti rí ọ̀rọ̀ tí a fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sára ògiri ilé púpọ̀ pé, “Ilé yìí kì í ṣe títà.” Àwọn onílé kò fi í ṣeré, ẹkún ló kọ́ wọn, nítorí pé ẹnìkan nínú ẹbí ti lọ gba owó lọ́wọ́ àjèjì rí, tí àwọn ìyókù kò gbọ́, tí wọn kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ irú ilé tí ó wọ́pọ̀ ní Àgbádárìgì wò, ìlú tí ọ̀sà tẹ́ pẹrẹsẹ sí ojúde rẹ̀, tí òkun sì ń hó lódìkejì yanrìn: ilé tí bàbá ńlá kọ́ sórí ilẹ̀ tí ó tó púlọ́ọ̀tì mẹ́rin, tí kànga wà láàrin àgbàlá, tí igi àgbọn yí i ká, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà nítorí afẹ́fẹ́ iyọ̀, tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì ti fọ́n ká sí Èkó, Kútọnu àti Lọ́ńdọ̀nù. Bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, lábẹ́ àṣà Yorùbá, ilé náà di ti gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí ọmọ kan bá dá a tà, ilé ẹjọ́ yóò kà á sí pé kò sí ohun tí ó tà. Bí àwọn àgbà ìdígi, ìyẹn ẹ̀ka àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, bákan náà ni. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìfi lọ̀ wọ́n, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ tú títà náà ká, bí wọn kò bá ti fi falẹ̀. Láti 2016 sì ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tí ó lè rán ẹni tí ó bá ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n.

Nítorí náà, kí ẹbí tó wá olùrà, kí wọ́n ti fẹnu kò sórí bí wọn yóò ṣe pín owó náà, yálà ní ìdígi tàbí ní orí-ò-jorí, nítorí owó tí ó bá dé kí ọ̀rọ̀ tó tán, ìjà ni í bí.

Ohun kan tún wà tí olùrà kì í sábà béèrè, tí ó sì ń dá wàhálà sílẹ̀ ju owó lọ: ibojì. Àwọn baba wa a máa sin òkú sínú ilé, nígbà mìíràn lábẹ́ ilẹ̀ yàrá tí olóògbé ń sùn gan-an, tí a ó sì rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e lórí tí àlejò kò ní fura. Ẹ béèrè, ẹ jẹ́ kí a fi ibẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn bóyá wọn yóò ṣí òkú náà kúrò, tàbí bóyá àwọn ọmọ yóò máa wá síbẹ̀.

Olùrà, ẹ gba wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tiyín; ẹ bá a rìn láti òpó ààlà kan dé èkejì, ẹ má jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ lọ yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì tí a ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní Alausa, Ìkẹjà, bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà, tàbí bóyá wọ́n ti fi dúró fún gbèsè. Ẹ padà lọ wò ó ní oṣù kẹfà nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ lè rí ibi tí omi ń dúró sí. Báńkì ni kí ẹ san owó sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sì béèrè àṣẹ Gómìnà kí ilẹ̀ tí ó ní ìwé ìjọba tó lè ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Agbẹjọ́rò yín ni yóò bá yín tọrọ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùtà, ọjọ́ tí aṣojú gbogbo ìdígi bá ti tọwọ́ bọ̀wé lójú ẹlẹ́rìí, ọjọ́ náà ni kí ẹ tó kun ọ̀rọ̀ ara ògiri náà pa.