Àmì tó bá lágbára jù fún kọ̀ǹpárétọ̀

Ìdáàṣà, tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Dassa-Zoumè, ni ìlú òkè 41. Bí mànàmáná bá bọ́ lórí ọ̀kan nínú òkè wọ̀nyí, ìgbì rédíò ń jáde lára rẹ̀, ó sì ń rin mítà 300 láàárín máíkírósẹ́kọ́ńdù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbé àńtẹ́nà sí ibi mẹ́rin tó jìnnà síra, tó sì mọ ìgbà tí ìgbì náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, lè ṣírò ibi tó ti bọ́. Ní 2006, lásìkò ìwádìí òjò tí wọ́n ń pè ní AMMA, àwọn onímọ̀ láti Jámánì gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní àríwá Bẹ̀nẹ̀.

Kọ̀ǹpárétọ̀ lè bá wa mú ìgbà náà. Áísì (IC) kékeré ni, ó ní ẹnu méjì: fóltì tí a yàn wà ní ẹnu kan, àmì àńtẹ́nà ń gba ìkejì wọlé. Gbàrà tí àmì bá ga ju ohun tí a yàn, áísì á dáhùn. Bí àmì bá ṣe fi ga tó ló ṣe ń yá a lára tó. Kọ̀ǹpárétọ̀ LM393 ń lo nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ńdù 1.3 bí àmì bá fi mílífóltì 5 péré kọjá ààlà. Bí àmì bá lágbára gan-an, 0.3 ti tó o. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan ti lè fi mítà 300 ṣì wá lọ́nà.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá èyí tó yára, bíi TLV3501, tí nánósẹ́kọ́ńdù 4.5 tó. Ṣùgbọ́n kò lè fara da ìyà bíi LM393, tó lè gba fóltì 36 sí ẹnu bí iná tó ń lò tilẹ̀ jẹ́ 5. Ti TLV3501 kò gbọdọ̀ fi ju fóltì 0.3 kọjá fóltì tó ń lò, tàbí kó wọ abẹ́ ilẹ̀ (fóltì òdo) ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá kọjá, iná tó wọlé kò gbọdọ̀ ju mílíámpù 10.

Ká ní fóltì 100 wọ àńtẹ́nà. Rẹsísítọ̀ 1,000 óòmù á dín in kù sí nǹkan bíi mílíámpù 95, ó ṣì pọ̀ jù. A ó wá fi dáyóòdù Schottky méjì síta, ọ̀kan sójú fóltì 5, ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n gbà á kó tó dé ọ̀dọ̀ áísì. Ẹ ṣọ́ irú dáyóòdù tí ẹ ó rà o. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní píkófáráàdì 10, àwọn àti rẹsísítọ̀ yẹn á fi nánósẹ́kọ́ńdù 20 dá àmì dúró, ìyára tí a sanwó fún á sì ṣòfò. Èyí tí píkófáráàdì rẹ̀ kò ju 1 lọ ni kí ẹ wá.

Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé pé iná tí dáyóòdù tì sójú fóltì 5 gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Bí ẹ̀rọ kò bá lò ó tán, fóltì 5 náà á máa gòkè títí áísì yóò fi jó; dáyóòdù Zener kan láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀ ló ń gbà á sílẹ̀. Bí bátìrì sóólà bá sì kú lóru òjò, ààlà ẹnu áísì sọ̀ kalẹ̀ sí fóltì 0.3 péré, rẹsísítọ̀ àti dáyóòdù wọ̀nyẹn nìkan ló kù tó ń ṣọ́ ọ.