Owó Bẹ́ẹ̀dì ní Ọ̀jọ́

Bí LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́, bá ti fẹ́ wọlé, ara òpó iná ni wọ́n máa ń kan pátákó mọ́ ní Ìyànà Ìbà: “Self-contain”, “yàrá kan”, nọ́ńbà ajẹ́ǹtì lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá pe nọ́ńbà yẹn yóò rí i pé owó ilé nìkan kọ́ ni òun máa san. Owó ajẹ́ǹtì wà, owó àgírímẹ́ǹtì wà, owó káṣọ̀n náà wà. Kó tó gbé mátírẹ́ẹ̀sì wọlé, owó ìwé ti bá owó ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti pẹ́. Nígbà tí ìjọba Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà náà, dá LASU sílẹ̀ ní 1983, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò máa ti ilé òbí rẹ̀ wá ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí. Bí àwọn àdúgbò tó yí i ká, Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ṣe di họ́sítẹ́ẹ̀lì nìyẹn.

Láti yanjú rẹ̀, ìjọba Gómìnà Babajide Sanwo-Olu bá àwọn kọngílá tọwọ́ bọ̀wé láti kọ́ ilé tí yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ 8,272 sínú ọgbà. Ìjọba mú ilẹ̀ wá, kọngílá mú owó wá. Kọngílá yóò kọ́lé, yóò máa gba owó bẹ́ẹ̀dì fún iye ọdún tí wọ́n jọ fàdéhùn sí, lẹ́yìn náà yóò kó kọ́kọ́rọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ta bọ́ǹdì: ó ń yá owó lọ́wọ́ ará ìlú àti àwọn olùdókòwò mìíràn, ó sì ń fi owó yàrá san án díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn fún ọgbọ̀n ọdún. Òfin ilé gbígbé wọn ti 1950 tiẹ̀ jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ yá ilé-ẹ̀kọ́ lówó họ́sítẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú èlé tí kò ga.

Nínú méjèèjì, ọmọ tó ń sun bẹ́ẹ̀dì ló ń san gbèsè. Èlé orí gbèsè yẹn ni kò dọ́gba. Ní oṣù kọkànlá 2024, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé òṣùwọ̀n èlé dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, báńkì tó fẹ́ yá kọngílá lówó yóò sì tún lé tirẹ̀ sí i. Ta ló yá irú owó bẹ́ẹ̀ tí yóò lè dúró ọgbọ̀n ọdún? Kíá ni kọngílá fẹ́ rí owó rẹ̀ gbà padà, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì máa gbé e lé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, yàrá á ṣófo, èlé kò ní sinmi.

Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ó yọ ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ ní tàbí tó ń darí fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ìwé àdéhùn kọngílá ni ọmọ inú ọgbà gbójú lé. Mo fẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, gbàgàdà: iye tí wọ́n lè gbà, ẹni tó láṣẹ láti fi kún un, àti ọdún tí kọ́kọ́rọ́ máa padà.