Ọ́fíìsì Wà ní Ìkẹjà, Ìwọ Wà ní Ṣàgámù: Ṣé O Mọ̀?

Ṣé o mọ̀ pé nítorí àtiwọ kọ̀ǹpútà tó wà nílùú mìíràn ni wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ lórí ARPANET, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó padà di íntánẹ́ẹ̀tì? Lálẹ́ ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 1969, Charley Kline, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì UCLA ní Los Angeles, ń tẹ "login" ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà ní Stanford Research Institute. Ó tẹ L, ó tẹ O, ẹ̀rọ ọ̀hún bá kú. Nígbà tó fi máa tó nǹkan bíi wákàtí kan, wọ́n ti tún un ṣe, ó sì wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé ìyẹn gan-an kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ George Stibitz gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan kalẹ̀ ní Dartmouth College ní New Hampshire, ó fi wáyà tẹlifóònù so ó mọ́ ẹ̀rọ ìṣirò tó wà ní New York, ó sì bi í ní ìbéèrè lójú àwọn onímọ̀ ìṣirò tó pé jọ. Èsì dé. Ọ̀gá tó bá ní kòrónà ló kó àṣà lílo kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn dé kò mọ ìtàn rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá wọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti ilé, fáìlì tí o ń ṣe kò kúrò níbi tó wà? Bọ́tìnnì tí o tẹ̀ àti ibi tí o darí mouse sí ló ń lọ. Àwòrán ojú ẹ̀rọ ló ń padà wá bá ọ, ibi tó bá sì yí padà nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù tó ti gbó fi lè ṣe ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ ńlá. Àmọ́ má wo fídíò níbẹ̀ o, dátà á tán.

Ṣé o mọ̀ pé Windows tí wọ́n ń pè ní Home kì í gba àlejò? O lè ti orí rẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ mìíràn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi Remote Desktop, ètò tí Windows fúnra rẹ̀ ní fún iṣẹ́ yìí, wọ inú rẹ̀. Windows Pro ni kó wà ní ọ́fíìsì. Lọ sí Settings, tẹ System, tẹ About, wàá rí èyí tó jẹ́. Bó bá jẹ́ Home ni, Chrome Remote Desktop ti Google ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn méjèèjì yìí kì í bò ọ́ láṣìírí bákan náà? Ti Windows máa ń ti ojú ẹ̀rọ ọ́fíìsì pa bí o bá ti wọlé. Ti Google ò rí bẹ́ẹ̀, àfi bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ lọ́tọ̀. Akọ̀wé owó jókòó sí Ṣàgámù, ó ń ṣí ìwé owó oṣù. Mouse ń rìn fúnra rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, ẹni tó wá gbálẹ̀ sì dúró, ó ń ka iye tí ọ̀gá ń gbà. Pa monitor kí o tó kúrò níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ iná ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ọ́ lógún, kí o tó ro ti íntánẹ́ẹ̀tì? NEPA mú iná lọ ní aago mẹ́wàá, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, gílóòbù tàn, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ wà ní kíkú torí kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Inú BIOS, ìyẹn ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣí bí ẹ̀rọ bá tàn, ni àtúnṣe wà. Tún ẹ̀rọ tàn, máa tẹ Del tàbí F2 kó tó ṣí (F10 ni ti ọ̀pọ̀ HP), kí o wá ibi tí wọ́n kọ "Restore on AC Power Loss" tàbí "After Power Loss" sí. Yí i sí "Power On". Láti ọjọ́ náà, bí iná bá ti dé, ẹ̀rọ á tan ara rẹ̀. Padà sí Settings, kí o ní kó má sùn rárá. Router ńkọ́? Bí kò bá sí lórí inverter, asán ni gbogbo rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ti sùn ṣeé jí? Wake-on-LAN ni wọ́n ń pè é. Ìsọfúnni tó jẹ́ báìtì 102 péré ni wọ́n fi ń jí i, ẹ̀rọ mìíràn tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ló sì sábà máa ń rán an.

Ṣé o mọ ìdí tí o kò fi lè ti ìta wọ ọ́fíìsì tó ń lo síìmù tààrà? Àdírẹ́sì IPv4, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ju bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò kárí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wá ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Ẹ̀rọ rẹ lè jáde, àjèjì ò lè wọlé wá bá a. Nítorí èyí ni àwọn ètò bíi TeamViewer, AnyDesk àti ti Google fi ń jẹ́ kí ìhà méjèèjì jáde wá pàdé lọ́dọ̀ sáfà tiwọn.

Ṣé o mọ nọ́ńbà 3389? Ẹnu ọ̀nà tí Remote Desktop ń gbà nìyẹn, àwọn olè orí ayélujára sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń rán kiri tọ̀sán-tòru láti wá ibi tó ṣí sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o ṣí 3389 lórí router sí gbogbo ayé kó lè rọrùn, má gbà fún un. VPN, ìyẹn ọ̀nà àṣírí tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọ́fíìsì, ni kó ṣíwájú, kí kóòdù ìkejì láti orí fóònù sì tẹ̀ lé password. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí mo mọ ohun tó ti dá sílẹ̀. Ní ọdún 2021, àkáǹtì VPN àtijọ́ kan tí wọn kò lò mọ́ ni àwọn olè gbà wọ Colonial Pipeline, tó ń gbé epo lọ sí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Password rẹ̀ ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, kò sì sí kóòdù ìkejì. Epo dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ilé-iṣẹ́ ọ̀hún san bitcoin 75, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 dọ́là. Ní 2024, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Change Healthcare, ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ní Amẹ́ríkà. Kóòdù ìkejì kò sí níbẹ̀ náà, wọ́n san mílíọ̀nù 22 dọ́là. Bí òṣìṣẹ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé AnyDesk kan náà ni àwọn gbájú-ẹ̀ ń lò? Wọ́n á pè ọ́, wọ́n á ní láti báńkì ni, wọ́n á ní kí o gbé e sórí fóònù, kí o ka nọ́ńbà tó yọ fún wọn. Má kà á.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 péré láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí, bí dátà oníbàárà bá jáde lọ́nà tó lè pa wọ́n lára?

Ṣé o mọ̀ pé o lè dán gbogbo rẹ̀ wò kí o tó kúrò lórí àga rẹ? Pa Wi-Fi ọ́fíìsì lórí fóònù, lo dátà tìrẹ, kí o gbìyànjú láti wọ kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ. Bó bá wọlé níbẹ̀, á wọlé láti Ṣàgámù. Bí kò bá wọlé, ọwọ́ rẹ ṣì tó ẹ̀rọ ọ̀hún.