Kòkòrò Tó Ń Dí Rédíétọ̀ Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Fọ̀ Ọ́ àti Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bò Ó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kan ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀, ì báà jẹ́ èyí tí ó fi owó àyálò ẹgbẹ́ rà, ì báà jẹ́ èyí tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ fi ń kó ẹrù. Ó kan rédíétọ̀, èyíinì ni ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, ó sì kan àwọn kòkòrò tí ń fò lójú ọ̀nà tí wọ́n ń kú sí i lára. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú yín. Èmi náà kà á sí kékeré, títí di ọjọ́ tí ó mú wa fìyà jẹ àgbàlagbà kan lórí ohun tí kò ṣe.

Ẹgbẹ́ tiwa ní pikọ́ọ̀pù kan tí a fi ń kó kòkó. Ní oṣù kẹrin ọdún kan, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, Bàbá awakọ̀ wa, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kó àpò kòkó 14 ní Àràmọ́kọ̀ Èkìtì, wọ́n sì dorí kọ Ìlẹ́ṣà. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà tí wọ́n dé àárín àwọn òkè tó wà lágbègbè Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ọwọ́ géèjì ooru gòkè, èéfín ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ sì kú. Ní ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì sọ fún wa pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó, orí ẹ́ńjìnnì náà sì ti wọ́. Owó tí a ti yà sọ́tọ̀ láti fi ra táyà tuntun ni ó lọ sí i, kò sì tó.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ohun tí gbogbo wa ń sọ ni pé awakọ̀ kò yẹ omi wò kí wọ́n tó gbéra. Bàbá ní àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, pé omi kún dé ẹnu. A kò gbà wọ́n gbọ́. A pinnu pé kí á máa yọ owó àtúnṣe náà lára owó oṣù wọn díẹ̀díẹ̀, èmi pàápàá sì nawọ́ sí ìpinnu yẹn.

Ọkọ̀ kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn àtúnṣe tí ó tún gbóná, ní ojú ọ̀nà kan náà. Awakọ̀ mìíràn ni ó wà á lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì jókòó tì í. Èmi fúnra mi ni mo fi ojú mi rí omi kíkún kí á tó kúrò nílé. A tètè pa ẹ́ńjìnnì, a sì wá mẹkáníìkì tó wà nítòsí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ó ní kí á jẹ́ kí ọkọ̀ tutù. Lẹ́yìn náà ó tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn rédíétọ̀, ní ọwọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, ó ní kí n lọ dúró níwájú ọkọ̀ kí n sọ bóyá mo rí iná. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí iná kankan, àfi ní igun kan lókè. Ìyẹ́ èsunsun àti eruku ló ti dí gbogbo rẹ̀ pa.

Owó tí a ti yọ lára owó oṣù Bàbá, a dá a padà láàárín oṣù náà. Ẹ̀bẹ̀ ni ó ṣòro fún wa jù. Bàbá gba owó náà, wọn kò sì sọ ohunkóhun.

Kí wá ni rédíétọ̀ ń ṣe gan-an? Kì í ṣe gbogbo agbára epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó ló ń ti ọkọ̀ lọ síwájú. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru rẹ̀ ni ó ń wọ inú omi tí ń yí ẹ́ńjìnnì ká, omi yìí sì gbọ́dọ̀ gbé ooru náà jù sí ibì kan kí ó tó padà lọ gbé òmíràn. Bí ẹ bá wo ojú rédíétọ̀ dáadáa, ẹ ó rí àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà kọjá, ẹ ó sì rí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ká sí àárín wọn. Àárín irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ̀nyí ni atẹ́gùn ń gbà, òun ni ó sì ń kó ooru lọ. Ohun méjì ni rédíétọ̀ ń lò, omi nínú àti atẹ́gùn lóde. Gbogbo wa la mọ̀ nípa omi, atẹ́gùn ni a kì í rántí. Kí omi kún títí, bí atẹ́gùn kò bá rí àyè kọjá, ńṣe ni omi náà yóò máa gbóná bí omi inú ìkòkò tí a dé.

Ní ilẹ̀ wa níbí, èsunsun ni ọ̀gá nínú àwọn kòkòrò tó ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí. Bí òjò bá ti rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó ti gbẹ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ikán tó hu ìyẹ́ yóò tú jáde lọ́pọ̀ yanturu, wọn yóò sì máa wá iná kiri. Gbogbo wa la ti gbé abọ́ omi sábẹ́ fìtílà nígbà èwe wa láti fi kó wọn, ẹni tí kò bá sì tíì jẹ èsunsun díndín rí, ó ní ohun tó ń pàdánù. Ṣùgbọ́n fìtílà ni iná iwájú ọkọ̀ náà jẹ́ lójú wọn. Bí ọkọ̀ ti ń sáré bọ̀, atẹ́gùn yóò gbé wọn wọlé gbàrà, ara wọn yóò fọ́, ọ̀rá inú wọn yóò lẹ̀ mọ́ irin, ìyẹ́ wọn yóò sì tẹ́ pẹlẹbẹ lé ojú ihò bí ìgbà tí a fi bébà lẹ ojú fèrèsé. Eruku tó bá dé lẹ́yìn náà yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀rá yẹn. Bí oòrùn bá wá pa á fún ọjọ́ mélòó kan, ó ti di bí oje igi. Tata, labalábá àti àfòpiná ń ṣe tiwọn náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èso koríko, eruku ọyẹ́ àti òwú igi àràbà ni yóò wá kún un.

Ìdààmú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù tún ju èyí lọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan mìíràn tó dà bí rédíétọ̀, tí a gbé síwájú rédíétọ̀ gan-an, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ́ńsà. Ìdọ̀tí máa ń há sí àárín àwọn méjèèjì níbi tí ojú kò tó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo iwájú ọkọ̀ yóò rò pé ó mọ́. Bí tiwa ti rí nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò fi rí i.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé rédíétọ̀ ti dí

Ibi tí ọkọ̀ ti ń gbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ bàjẹ́ máa ń gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ara rẹ̀ á sì balẹ̀ bí ó bá ti rí ojú ọ̀nà gbọọrọ sáré, nítorí pé eré náà ń fún un ní atẹ́gùn. Èyí tí rédíétọ̀ rẹ̀ dí máa ń ṣe òdì kejì. Yóò máa lọ jẹ́jẹ́ nínú ìlú láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bí a bá di ẹrù lé e tí a dojú kọ òkè, tàbí tí a sáré fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ géèjì á bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún mẹkáníìkì yín kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí tú nǹkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ra tẹmósítáàtì tuntun, tí wọ́n tún ra pọ́ǹpù omi tuntun, tí ọkọ̀ sì tún ń gbóná.

Òótọ́ ni pé ìpẹtà tó bá dí rédíétọ̀ láti inú lè fara hàn bákan náà. Tọ́ọ̀ṣì ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí iná bá là kọjá dáadáa láti ẹ̀yìn dé iwájú, ẹ lọ wo inú. Bí kò bá là, ẹ wá omi àti ọṣẹ.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́

Kí ọkọ̀ ti sùn ni ó dára jù, kí á fọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 90 lórí òṣùwọ̀n ooru Sẹ́ńtígíréèdì. Omi lásán ń hó ní 100, ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ há omi mọ́ tí ó fi lè kọjá 100 láìhó. Bí ẹnì kan bá ṣí ìdérí yẹn nígbà tí ó gbóná, omi náà yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí i lójú àti láyà. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Bákan náà, kí ẹ yọ okùn kan kúrò lórí bátìrì, èyí tó ní àmì àyọkúrò, nítorí pé fáànù oníná ti àwọn ọkọ̀ mìíràn lè dédé yí bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ti kú, ó sì lè gé ènìyàn níka.

Ẹ fi ọ̀rá bo ibi tí wáyà iná pọ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ po ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi rin ojú rédíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà gbindingbindin, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí èyí tó ti gan lè rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ mọ́ ọn. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ máa tẹ̀ lé ọ̀nà tí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ̀nyẹn gbà tò, kí ẹ má ṣe gba ìbú, nítorí pé wọ́n rọ̀ débi pé èékánná lè tẹ̀ wọ́n. Èyí tó bá há, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni kí ẹ fi tú u. Èyí tó bá sì ti tẹ̀, ẹ fi igi pẹlẹbẹ tín-ín-rín nà án padà díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí a ti máa ń ṣe àṣìṣe ni fífi omi ṣàn án. Ọ̀pọ̀ wa a máa dúró níwájú ọkọ̀, a ó sì máa da omi sí i. Ńṣe ni èyí ń ti ìdọ̀tí wọlé sí i. Ọ̀nà tí kòkòrò gbà wọlé ni kí ó gbà jáde. Láti ọwọ́ ẹ́ńjìnnì ni kí omi ti wá, kí ó máa tú jáde síwájú, títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́. Omi ẹ̀rọ lásán tó ń ti inú rọ́bà jáde tó. Ẹ má ṣe gbé e lọ fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ alágbára fọ ọkọ̀, àfi bí wọ́n bá mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lókèèrè, nítorí pé agbára omi yẹn yóò tẹ gbogbo irin náà dùbúlẹ̀ bí ìgbà tí ìjì jà lóko àgbàdo. Atẹ́gùn ọ̀dọ̀ fọkanáísà dára fún èyí tó gbẹ, láti ẹ̀yìn náà ni, kí ó má sì sún mọ́ ọn jù.

Ẹ má lo kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù. Wọ́n ń ba rọ́bà jẹ́, iná sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ má lo omi eérú tàbí sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó lójú yín, nítorí pé alumíníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ rédíétọ̀ òde òní, àwọn méjèèjì sì ń jẹ alumíníọ̀mù. Bí ẹ bá parí, ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì yẹn wò. Bí ìdọ̀tí bá ṣì há sí àárín rédíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà, ó di dandan kí mẹkáníìkì tú rédíétọ̀ sílẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ nípa omi inú rẹ̀, kí ó fi kúláǹtì sí i, nítorí pé omi lásán ń mú ìpẹtà wá.

Bí a ṣe ń dáàbò bò ó

Èyí tó rọrùn jù ni kí á má jẹ́ kí ó gbẹ. Ọkọ̀ tó bá la èsunsun kọjá lálẹ́, omi lásán ni yóò fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ dé. Bí ẹ bá sì bá wọn lójú ọ̀nà tí wọ́n ń rọ́ bí ìrì, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí ààbò wà, nítorí pé wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó túká.

Àwọn mìíràn ń ta àwọ̀n sí iwájú ọkọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọ̀n tó há jù yóò ṣe ohun tí kòkòrò ń ṣe gan-an, yóò dí atẹ́gùn. Mo ti rí ẹni tí ó ta àwọ̀n apẹ̀fọn, mo sì ti rí ẹni tí ó fi àpò ìdọ̀họ bò ó! Èyí tí hóró ìrẹsì lè gba ihò rẹ̀ kọjá, tí hóró àgbàdo kò lè gbà, ni ó tọ́. Kí á so ó mọ́ ìta, kí ó jìnnà díẹ̀ sí rédíétọ̀, kí ó sì ṣeé tú láìlo irinṣẹ́, torí pé òun náà yóò máa kún, a ó sì máa gbọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá ta á, ẹ kó ẹrù gun òkè kí ẹ máa wo géèjì. Bí ó bá gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ tú u kúrò.

Bí ọkọ̀ bá sì gbóná mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ pa amúlétutù, ẹ wá ibi tí ẹ ó dúró sí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi sùúrù dúró títí yóò fi tutù pátápátá. Ìrìn máìlì kan péré tí a bá fi ipá rìn lè jó gásíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọ̀n ti ọkọ̀ tiwa wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Bàbá awakọ̀ ni wọ́n gé e, tí wọ́n sì rán etí rẹ̀ mọ́ rọ́bà táyà kí ó má baà ha ọ̀dà ọkọ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣú, wọn kì í dúró kí ẹnikẹ́ni rán wọn létí.