Má Kánjú Jẹ: Ọgbọ́n Ayò Tí Mo Kọ́ Lọ́dọ̀ Bàbá Mi

Bí ẹ bá wá sí ilé bàbá mi ní Alágbàká, Àkúrẹ́, ní ọ̀sán Sátidé, abẹ́ igi máńgòrò ni ẹ ó ti bá èmi àti bàbá, ọpọ́n ayò á sì wà láàárín wa. Bàbá wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó kó wá láti Ìbàdàn ní 1976, nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, tí Oǹdó sì di ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ọpọ́n náà wà nínú ẹrù tí wọ́n kó wá. Ìlú Oǹdó ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ fún wọn, ó sì ti dán bí ìgbà tí a fi epo pa á.

Àwọn ará kan nínú ìjọ ti bi mí pé ṣé ó yẹ kí pásítọ̀ máa ta ayò. Èsì mi kò gùn: a kì í fi owó sí i, a kì í sì í ta á lákòókò ìsìn.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin là ń kó sínú wọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ ó kó ohun tó wà nínú ihò yín kan, ẹ ó sì máa jù ú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ìhà ẹnì kejì, tí ihò náà sì di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀ náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó jẹ òun náà, títí ẹ ó fi kan èyí tí iye rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ló borí. Àwọn ará Gánà ń pè é ní oware. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Antigua àti Barbados, níbi tí wọ́n ti ń ta á dòní ní orúkọ warri.

Lẹ́yìn ikú ìyá wa ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá bàbá ní gbogbo Sátidé. Ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu wọn mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé ọpọ́n jáde, ojú wọn á là. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń pàdánù. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹ o! Méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, mo ti ní mẹ́jọ kí bàbá tó jẹ ẹyọ kan. Bàbá á kàn máa wò mí. Nígbà tó bá yá, wọ́n á kó odù wọn, eré á sì yí padà.

Odù ni ihò tí ẹni tó ni ín kò fọwọ́ kàn, tó jẹ́ pé bí ẹnì kejì ti ń jù ú kọjá ló ń kún sí i. Ihò ìpẹ̀kun lápá ọ̀tún ni bàbá fi ń ṣe odù. Ẹ bá mi kà á: mẹ́fà á bọ́ sí ìhà mi, márùn-ún á bọ́ sí ìhà tiwọn, nítorí pé a máa ń fo ihò tí a ti kó o, ìkejìlá á sì tún bọ́ sí ihò mi àkọ́kọ́. Bí odù náà bá jẹ́ 15, ihò mi mẹ́rin ló gba ẹ̀ẹ̀mejì. Èyí tó ṣófo di méjì, èyí tó ní ẹyọ kan di mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ sì di jíjẹ. Mo ti ń rò pé ihò òfo kò léwu, torí pé ẹyọ kan tó bá bọ́ sínú rẹ̀ kò ṣeé jẹ. Ibẹ̀ gan-an ni odù ń wá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú odù gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn tí yóò máa ta. Èyí ló pẹ́ jù kí n tó rí i. Bàbá máa ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lápá òsì wọn. Wọ́n á sún ọ̀kan síwájú, wọ́n á fara ti àga. Èmi á ta. Wọ́n á tún sún ọ̀kan. Wọn kò fún mi ní nǹkan kan. Kéékèèké ọwọ́ mi á wá tán, á sì di dandan kí n kó ihò ńlá mi, kí n máa jù ú lọ sínú odù wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó ka ohun tí ẹ lè jẹ, ẹ kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ẹ ṣì lè ta láìfún ẹnì kejì ní nǹkan, kí ẹ sì ka tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló wà nínú wàhálà.

Odù náà ní ẹ̀rọ̀. Láti ihò ìpẹ̀kun yẹn, 17 ló ń parí sí ihò mi tó kẹ́yìn. Bí mo bá bọ́ ọ títí ó fi di 18, ìhà tiwọn ni yóò parí sí, wọn kò sì ní jẹ nǹkan kan. Ìkejì, bí mo bá fi méjì sínú ihò kan, odù á sọ ọ́ di mẹ́rin, kò sì ṣeé jẹ. Àmọ́ ìrìn kékeré lásán lè sọ méjì yẹn di mẹ́ta kí odù tó gbéra. Kò sí ibi tí ewu kò sí lójú ọpọ́n.

Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà ka gbogbo ipò tó lè wà lójú ọpọ́n irú ayò yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní awari. Ó ju bílíọ̀nù 889 lọ. Wọ́n rí i pé bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe àṣìṣe, 24 sí 24 ni yóò parí sí. Mo sọ fún bàbá. Wọ́n ní, “Kọ̀ǹpútà ò tíì bá mi ta rí.”

Lọ́dún tó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé bàbá ti ń ṣì kà. Wọ́n á bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ti jẹun. Ní Sátidé kan, odù tèmi wà ní ihò ìpẹ̀kun, mo kà á lójú: 14. Bàbá ta tiwọn, wọ́n sì fi ihò mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún mi: òfo, ẹyọ kan, òfo. Méje ni yóò jẹ́. Ẹ̀yin ará, n kò lè kó o. Mo sún ẹyọ kan lápá òsì.

Bàbá wo ọpọ́n, wọ́n wò mí.

“Mẹ́rìnlá ni,” ni wọ́n wí. “Kí ló dé tí o kò ta á?”

“N kò rí i ni, sà.”

Wọ́n ti ọpọ́n dànù, ọmọ ayò sì fọ́n ká sílẹ̀. “Ṣé mo ti di ọmọ ọwọ́ fún ọ ni?” Wọ́n wọlé lọ. Èmi ni mo ṣa ọmọ ayò náà, ó ku ẹyọ kan tí n kò rí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá ọpọ́n níta, wọ́n ti tò ó sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì pé 48. A kò sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. A ta á pẹ́. Odù mi di 15, bàbá sì ṣì kà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kó o. Ihò mẹ́rin, ọmọ ayò mẹ́wàá. Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀n-ẹ́n.”

Mo jẹ 26, bàbá jẹ 22. Wọ́n ní kí n tún un tò.